Wáì-fáì Tó Sọnù Nínú Láptọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin gbé láptọ́ọ̀pù olóògbé bàbá wa wá bá mi ní Ìbàdàn, eruku orí rẹ̀ pọ̀ débi pé ènìyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ó fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì. Olè ti jí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, kò sì sí owó òmíràn nílé. Ó ti kọ́kọ́ gbé ti Bàámi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan, ẹni yẹn sì ní kí ó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó," ni ó wí. "Bí ó bá ṣáà ti lè kọ̀wé, tí ó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó tó mi."

Ọdún 2011 ni Bàámi ra ẹ̀rọ náà. Ràmù rẹ̀ jẹ́ 4GB, Windows 7 ló sì wà nínú rẹ̀, èyí tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti oṣù kìíní ọdún 2020. Bí a bá tàn án, ó ń tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí ó tó jí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é fi ṣeré. Bàámi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àkọsílẹ̀ ìpàdé, fọ́tò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Màámi kìlọ̀ fún wa lórí fóònù: "Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má pa nǹkan bàbá yín rẹ́ o." Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da gbogbo fáìlì náà kọ sórí háádì dísìkì àgbékiri kan, mo sì ṣí púpọ̀ nínú wọn wò lórí ẹ̀rọ tèmi. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, ìrètí lásán ni.

Linux ni mo pinnu láti fi rọ́pò Windows náà. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ́kọ́ gbé e jáde, òun náà ló sì wà ní ìpìlẹ̀ Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀fẹ́ ni. Oríṣiríṣi ló wà. Linux Mint ni mo yàn, pẹ̀lú ojú iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Xfce, nítorí pé kò wúwo fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Mo gbé e sórí fíláàṣì, mo sì fi fíláàṣì náà tan láptọ́ọ̀pù.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Bí a bá fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ báyìí, Linux á ṣí láì tíì fọwọ́ kan háádì dísìkì rárá, kí a lè dán ohùn, ojú ẹ̀rọ àti wáì-fáì wò. Èmi kò dán nǹkan kan wò. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa, bátìrì ẹ̀rọ náà sì ti kú tipẹ́. Mo bá ní kí ó máa wọlé kíákíá.

Ó wọlé lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ ṣí kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. Ó wá tẹ àmì íntánẹ́ẹ̀tì ní igun ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wáì-fáì dà?" Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò rí mífì wa, ọ̀rọ̀ wáì-fáì gan-an kò sí níbi tó yẹ kí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á. Káàdì kékeré kan wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ń gba wáì-fáì. Linux kò lè bá káàdì yìí sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní dráífà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ dráífà ni wọ́n ti kó pọ̀ mọ́ Linux, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í jẹ́ kí aráyé rí bí wọ́n ṣe kọ tiwọn, nítorí náà a níláti lọ mú un wá lọ́tọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bíi ti ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n bi ẹ̀rọ náà léèrè. Ènìyàn á ṣí fèrèsé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Terminal, á tẹ lspci -nnk, ẹ̀rọ á sì to àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá ti rí dráífà, ìlà kan á wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ "Kernel driver in use" sí. Èmi kò béèrè. Ìjayà ti mú mi. Mo gbé fóònù, mo ń ka ìmọ̀ràn àwọn tí n kò mọ̀ rí, mo sì ń da gbogbo àṣẹ tí mo bá rí kọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni nomodeset. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì /etc/default/grub, mo tẹ sudo update-grub, láì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí mo tún ẹ̀rọ tàn, wáì-fáì kò dé, ojú iṣẹ́ sì ti bàjẹ́ kún un. Àwòrán fẹ̀ gbàràgàdà, lẹ́tà rí bàìbàì, bí a bá sì fa fèrèsé kan, ó ń wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ bí ìgbín. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò rí oorun tó dára sùn lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ́kọ́ ka ohun tí nomodeset wà fún. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn biribiri bí a bá tàn án ni wọ́n ń lò ó fún: kì í jẹ́ kí dráífà ojú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kí Linux lè lo ọ̀nà mìíràn tó rọrùn ṣùgbọ́n tí kò já fáfá. Ojú ẹ̀rọ tiwa kò ṣókùnkùn rí. Oògùn àìsàn tí kò ṣe é ni mo rọ sí i lẹ́nu. Mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, mo tún tẹ sudo update-grub, mo tún ẹ̀rọ tàn, ojú rẹ̀ sì padà sí 1366 lórí 768 tí wọ́n ṣe é mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ gbogbo àyípadà tí mo bá ṣe sínú ìwé kékeré kan.

Ó ku wáì-fáì. Lọ́tẹ̀ yìí mo tẹ lspci -nnk, mo sì rí káàdì náà láìní ìlà dráífà lábẹ́. Mo fi wáyà tí mo fi ń gba iná sí fóònù so fóònù mi mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo sì tan USB tethering nínú fóònù náà. Linux gbà á bí ẹni pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gidi ni. Mo ṣí Driver Manager tó wà nínú Mint. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ káàdì náà, ó sì fi dráífà tó bá a mu hàn mí. Mo yàn án, ó wọlé, mo tún ẹ̀rọ tàn. (Ẹ̀rọ tó kéré lọ́jọ́ orí ju tiwa lè ní Secure Boot. Ìyẹn lè kọ irú dráífà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ títí a ó fi fọwọ́ sí i tàbí tí a ó fi pa Secure Boot náà.)

Ìlà tí mo ń wá ti wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

Mo tẹ rfkill list, àṣẹ tó ń sọ bóyá ẹnìkan ló pa wáì-fáì. Ká ní ó kọ "Soft blocked: yes" ni, inú ètò ni wọ́n ti pa á, rfkill unblock wifi ìbá sì ṣí i. "Hard blocked: yes" ni tiwa kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bọ́tìnì tí a ń fi ọwọ́ tì ni wọ́n fi pa á, kò sì sí àṣẹ tó lè ṣí i. Mo yí láptọ́ọ̀pù náà síwá sẹ́yìn. Ní etí rẹ̀ níwájú, lábẹ́ eruku, bọ́tìnì kan wà tí kò tó èékánná.

Mo pe Màámi. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni Bàámi ń lò nígbà ayé wọn, wọ́n sì máa ń sọ pé ohun tí àwọn kò lò kò gbọdọ̀ jẹ bátìrì àwọn. Bí wọ́n ṣe ń pa iná yàrá tí ènìyàn bá ti jáde nìyẹn. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì ọ̀hún, nítorí ìka wọn ló gbẹ̀yìn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tì í sápá ọ̀tún. Iná kékeré kan tàn, orúkọ mífì wa sì jáde pẹ̀lú ti aládùúgbò mẹ́fà.

Fún ọjọ́ méjì, wáì-fáì náà ṣì ń já bí àbúrò mi bá fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ètò tó ń ṣọ́ iná lò ló fà á. Nínú fáìlì /etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf (èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ gígùn bẹ́ẹ̀), mo yí wifi.powersave láti 3 sí 2, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, kò sì já mọ́.

Ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni àbúrò mi ń kọ́, nítorí náà mo fi bọ́tìnì ìtẹ̀wé Yorùbá kún un láti inú Keyboard, níbi Layout, lábẹ́ Nigeria. Ó ti wà nínú Linux náà tẹ́lẹ̀, a kò rà á. Mo dá fáìlì Bàámi padà sínú fọ́ọ̀dà tó ń jẹ́ orúkọ wọn, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Màámi.

Ọjọ́ méjì ló kù kí gbèdéke pé nígbà tí àbúrò mi fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà wà títí di òní. A ṣì ń wá bátìrì rẹ̀ rà. Ní ti bọ́tìnì etí ẹ̀rọ, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa kí ó má baà sún.