Ìwé Ìṣirò Kò Gbọdọ̀ Wà Láìní Ẹlẹ́rìí



Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá pé jọ ní ìparí ọdún, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó gba owó ni ó kọ ìwé, tí òun náà yẹ̀ ẹ́ wò, tí òun náà sì dìde láti kéde oore tí ẹgbẹ́ ṣe fún ìlú, ta ni yóò gbà á gbọ́? Nínú Súrátù Bákárà ni Ọlọ́run ti pàṣẹ pé bí gbèsè bá wà láàárín ènìyàn, kí akọ̀wé olódodo kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé jáde nípa èrè tí wọ́n jẹ, kànga tí wọ́n gbẹ́ fún abúlé, ilé-ìwé tí wọ́n tún ṣe, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ olùdarí ni ó ń fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí a tó gba ìwé gbọ́, ó yẹ kí á wo àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀.

Ẹ rántí Cadbury Nigeria, tí gbogbo ilé mọ̀ nítorí Bournvita. Ní ọdún 2006, àṣírí tú pé wọ́n ti ń bu èrè tí kò sí mọ́ ìṣirò, àsọdùn náà sì ju bílíọ̀nù náírà 13 lọ. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà àti olórí ìṣirò owó kúrò. Bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ wà, ayẹ̀wé-owó sì wà! Àwọn tí ó ra ìpín ni ó jìyà.

Nígbà tí òfin ilé-iṣẹ́ jáde ní ọdún 2020, ohun tí ó wí nígbà náà ni pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ìpín fún gbogbo ènìyàn ní olùdarí 3, ó kéré tán, tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ìgbìmọ̀ ayẹ̀wé-owó jẹ́ ènìyàn 5, nínú èyí tí 3 jẹ́ onípìn-ín. Àwọn olùwádìí púpọ̀ ti rí i pé níbi tí irú olùdarí bẹ́ẹ̀ àti àwọn obìnrin bá ti pọ̀ nínú ìgbìmọ̀, ìròyìn oore ilé-iṣẹ́ a máa kún sí i, bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n kíkọ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Ẹni tí ó jókòó láìbéèrè kò yàtọ̀ sí àga tí ó jókòó lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín, ẹ má ṣe fi ìwé ìpè sí ìpàdé ọdún di ẹ̀kọ. Onípìn-ín kankan lè fa onípìn-ín mìíràn kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ayẹ̀wé-owó, bí ó bá kọ̀wé sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 ṣáájú ìpàdé. Ẹ yan ẹni tí yóò béèrè pé: abúlé wo ni ẹ gbẹ́ kànga sí? Ọdún wo ni? Ǹjẹ́ omi ṣì ń jáde níbẹ̀ lónìí?

Kí Ọlọ́run fi wá sínú àwọn ẹlẹ́rìí òdodo. Àmín.