Kí Ló Dé Tí Òjò Kò Wó Tẹ́ḿpìlì Amọ̀ Yìí?

Ilé amọ̀ ni bàbá ìyá mi kọ́ sí Ìsẹ́yìn. Lọ́dún kan, ìjì ṣí páànù orí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tètè tún un ṣe. Ìṣojú mi ni ògiri yẹn ṣe ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì di òkìtì kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Àsìkò òjò kan ṣoṣo ló gbà. Ẹ̀kọ́ nípa amọ̀ gan-an ni mo ń ṣe fún oyè másítà báyìí, mo mọ ohun tí omi máa ń fi ojú amọ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé tẹ́ḿpìlì kan wà ní Peru tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ tí wọn ò sun mọ, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ṣì ń hàn kedere, mo ní irọ́ ni.

Kì í ṣe irọ́. Huaca de la Luna ni wọ́n ń pè é. (Ẹ pe Huaca bíi "waka". Kò kan orin wákà o.) Ó wà ní ẹsẹ̀ òkè kan tó ń jẹ́ Cerro Blanco, lẹ́bàá ìlú Trujillo, ní etíkun àríwá Peru. Àwọn ará Moche ló kọ́ ọ, àwọn tó gbé àfonífojì yẹn láti nǹkan bí ọdún 100 sí 800 lẹ́yìn ìbí Jésù. Wọn ò ní ìwé kíkọ, nítorí náà a ò mọ orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é. "Luna", ìyẹn òṣùpá, èdè Sípéènì ni. Ní òdìkejì rẹ̀, bí ìdajì kìlómítà, Huaca del Sol wà, ti oòrùn nìyẹn, tó tóbi jù ú lọ. Àárín àwọn méjèèjì ni ìlú wọn wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti amọ̀ ná. Amọ̀ jẹ́ àkójọ wóró tín-ín-tìn-ín tó rí pẹlẹbẹ bí ewé ìwé. Tí ẹ bá po ó mọ́ omi, omi á wọ àárín àwọn wóró yìí, wọ́n á máa yọ̀ lórí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè mọ ọ́n bó ṣe wù yín. Tí oòrùn bá fa omi náà jáde, àwọn wóró á sún mọ́ra, wọ́n á di ara wọn mú gírígírí. Kò sí nǹkan míì tó ṣẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìkòkò tí wọ́n ti sun yàtọ̀, torí iná ti yí i padà, kò lè di amọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bíríkì tí oòrùn nìkan gbẹ, ọjọ́ tí omi bá padà dé, ẹrẹ̀ ló máa dà.

Ní etíkun Peru, omi yẹn kì í sábà dé. Omi tútù kan, Humboldt lorúkọ rẹ̀, ń ṣàn bọ̀ láti gúúsù nínú òkun Pàsífíìkì. Ó ń mú afẹ́fẹ́ etíkun tutù, afẹ́fẹ́ tútù kì í sì í gòkè tó láti di òjò. Ojú ọ̀run á ṣú, òjò ò ní í rọ̀. Omi odò tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Andes ni wọ́n fi ń dáko.

Àmọ́ àìsí òjò nìkan kọ́ ló pa ọ̀dà yẹn mọ́. Àwọn Moche fúnra wọn ló sin tẹ́ḿpìlì wọn. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, wọ́n á fi bíríkì dí gbogbo yàrá àti àgbàlá àtijọ́ pa, wọ́n á wá kọ́ tuntun tó tóbi jù ú lọ lé e lórí. Wọ́n ṣe é léraléra, títí ọ̀kan fi wà nínú èkejì bí èèpo àlùbọ́sà. Láti 1991 ni Santiago Uceda, awalẹ̀pìtàn, àti Ricardo Morales, tó mọ àtúnṣe àwòrán ara ògiri, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Wọ́n rí ojú òrìṣà kan tó la eyín gàǹgà sílẹ̀, pupa, funfun, dúdú, yẹ́lò. Wọ́n rí àwọn jagunjagun tó fi okùn fa ìhòòhò ẹlẹ́wọ̀n lọ́rùn.

Ká sòótọ́, ohun tó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe àwòrán, bíríkì ni. Wọ́n fojú díwọ̀n pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ló wà nínú Huaca de la Luna. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí amọ̀ tó gbẹ, ẹnì kan ti fa àmì sí i: ilà, ihò ìka, òbírí. Irú àmì bẹ́ẹ̀ lé ní 100. Wọn ò sì tò wọ́n bí bíríkìlà tiwa ṣe ń tò ó, láti igun dé igun. Òpó-òpó ni wọ́n tò ó, èyí gbe èyí, àmì kan náà sì sábà máa ń wà lára bíríkì òpó kan. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn fara mọ́ ni pé àwùjọ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, bíríkì ni wọ́n fi ń san owó orí, àmì náà sì ni ẹ̀rí pé wọ́n ti mú tiwọn wá. Ẹ wò ó, a ò mọ orúkọ ọba wọn kankan, ṣùgbọ́n ihò ìka òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ó dáa, òjò wá ńkọ́? Ó máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún tí omi òkun yẹn bá gbóná, tí wọ́n ń pè ní El Niño, òjò á ya lulẹ̀ nínú aginjù. Ní 1995, Steve Bourget, awalẹ̀pìtàn ọmọ Kánádà, ń walẹ̀ nínú àgbàlá kan lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì náà, ó bá egungun èèyàn, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó lé ní 70. John Verano tó yẹ egungun náà wò rí i pé ọkùnrin ni wọ́n, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ní egungun tó ti kán rí tó sì ti jinná, bíi ti ẹni tó ti jagun sẹ́yìn. Ojú ọ̀bẹ sì wà lára eegun ọrùn ọ̀pọ̀ wọn.

Inú ẹrẹ̀ tó ti gan ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹrẹ̀, nínú aginjù! Ara ògiri tẹ́ḿpìlì gan-an ló ti ṣàn wá. Òkú wọnnì rì sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, tó túmọ̀ sí pé àsìkò tí òjò ń tú tẹ́ḿpìlì náà ká ni wọ́n pa wọ́n. Àwọn míì wà nínú iyanrìn láàárín ìpele ẹrẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo. Èèpo tí ìdin eṣinṣin bọ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: wọn ò sin òkú náà, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Bourget rò pé nítorí òjò náà ni wọ́n ṣe fi èèyàn rúbọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìgbà tó ṣẹlẹ̀ ni ẹrẹ̀ lè sọ fún wa, kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹni tí wọ́n jẹ́ pàápàá. Àwọn tó wo bí eyín wọn ṣe rí ní àlejò ni wọ́n, ẹrú ogun láti ibòmíì. Àwọn tó yẹ DNA ìhà ìyá wò ní ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n. Bó bá jẹ́ ti èkejì ni, àwọn ọmọ tiwọn ni wọ́n pa.

Huaca del Sol kò rí bẹ́ẹ̀ yè. Ní 1602, àwọn ará Sípéènì tó ń wá góòlù darí odò Moche kọ lù ú. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló ṣàn lọ. Ti Luna náà ò tíì bọ́: gbogbo ògiri tí wọ́n bá ṣí ti kúrò lábẹ́ bíríkì tó ń dáàbò bò ó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé lé e lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, òkun gbóná, òjò rọ̀, ọ̀gbàrá sì wọ ìgboro Trujillo. Àwọn tẹ́ḿpìlì àgbà tó wà nínú lọ́hùn-ún ṣì wà lábẹ́ bíríkì wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn ní láti kọ́kọ́ wó àwòrán ti òde.