Kenilworth, Ilé Olódi Tí Kò Ṣé Fi Ogun Kó

Bí Yorùbá bá sọ̀rọ̀ odi ìlú, yàrà kò ní í gbẹ́yìn. Amọ̀ tí a wa nínú yàrà ni a sábà fi ń mọ odi, a kì í sì í fa omi sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìjòyè ni ó máa ń fa omi kún yàrà tiwọn. Ti Kenilworth, ní Warwickshire láàárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, tilẹ̀ ju yàrà lọ: adágún odindi ni wọ́n dá sí ẹ̀bá odi.

Geoffrey de Clinton, olùtọ́jú ìṣúra Ọba Henry Kìíní, ni ó kọ́kọ́ kọ́ ilé olódi síbẹ̀ láàárín ọdún 1120 sí 1130. Nígbà tí ibẹ̀ ti di ti ọba, Ọba John ná owó tí ó lé ní £1,000 lé e lórí láàárín 1210 sí 1215. Ó fi òkúta mọ odi òde, ó sì sé àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn kọjá. Omi náà kún títí ó fi tẹ́ lọ bíi 100 éékà níhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ gbẹ́ abẹ́ odi kí ó lè wó, omi ni yóò kọ́kọ́ pàdé.

Ọmọ John, Henry Kẹta, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilé yìí fún Simon de Montfort ní 1244. Àna ọba ni Simon. Ó fẹ́ Eleanor, àbúrò Henry. Simon yìí kan náà ni ó wá ṣáájú àwọn ìjòyè tí ó dìtẹ̀ sí ọba. Wọ́n pa á lójú ogun ní Evesham ní oṣù Kẹjọ 1265, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́rí ní Kenilworth. Nígbà tí ọba rán ìránṣẹ́ sí wọn, wọ́n gé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá a padà.

Kí ni wọ́n tún ń jà fún nígbà tí olórí wọn ti kú? Ilẹ̀ ni. Ọba ti gba ilẹ̀ àwọn tí ó bá Simon jà, ó sì ń pín in fún àwọn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde wá kò ní ibi tí yóò padà sí.

Ní oṣù Kẹfà 1266, Henry wá dó tì wọ́n. Ó kó ẹ̀rọ onígi tí ń ju òkúta dání. Àwọn ará inú odi náà ní tiwọn. Ó ní kí wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi wá láti Chester, kí wọ́n lè gba orí adágún kọlù wọ́n. Pàbó ni ó já sí. Aṣojú Póòpù, Ottobuono, yọ wọ́n kúrò nínú ìjọ. Kàkà kí ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n fi ẹ̀wù funfun bíi ti aṣojú Póòpù wọ oníṣẹ́ abẹ wọn, òun náà sì dúró lórí odi, ó yọ ọba àti Ottobuono kúrò nínú ìjọ!

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọba yí ohùn padà. Nínú ìwé tí a mọ̀ sí Dictum ti Kenilworth, ó gbà kí wọ́n san owó láti fi ra ilẹ̀ wọn padà. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún owó tí ilẹ̀ náà ń mú wọlé lọ́dún. Ti Henry de Hastings, olórí wọn, jẹ́ ìlọ́po méje. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ní àárín oṣù Kejìlá, ebi àti àrùn lé wọn jáde, ọba sì jẹ́ kí wọ́n lọ ní àlàáfíà. Lójú tèmi, ìwé yẹn ṣe ju gbogbo ẹ̀rọ onígi rẹ̀ lọ, nítorí òun ni ó fún wọn ní ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ jáde.

Ní 1575, Robert Dudley gba Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní lálejò níbẹ̀ fún ọjọ́ 19. Omi ogun di omi àríyá: eré ìdárayá ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀.

Ogun kọ́ ni ó sọ Kenilworth di ahoro. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣòfin pàṣẹ ní 1649 pé kí wọ́n bà á jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi ṣe ibi ìsádi. Wọ́n wó ògiri àríwá ilé gogoro, wọ́n sì tú adágún náà dànù. Ọ̀gágun Joseph Hawkesworth, tí ó bójú tó iṣẹ́ náà, sọ ilé ẹnu ọ̀nà tí Dudley kọ́ di ibùgbé ara rẹ̀. Ibi tí àwọn ọkọ̀ Chester ti kùnà ti di pápá koríko.