Ìwé-Ẹ̀rí Tàbí Ìrírí? Àyẹ̀wò Ìgbaniwọlé sí Ipò Ọ̀gá Ológun àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Iṣẹ́ Ológun ní Nàìjíríà, láti Àgbègbè Creek Road

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ipò tí ìwé-ẹ̀rí àti ìrírí wà nígbà tí ọ̀dọ́ bá ń wá ọ̀nà àtiwọ iṣẹ́ ológun ní Nàìjíríà, yálà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun tàbí gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́. Àgbègbè Creek Road, ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ni a yàn láàyò, nítorí pé ibùdó ológun àti ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ sún mọ́ ara wọn níbẹ̀. Ìtàn Joseph Wey àti Adékúnlé Fájuyì ni a fi ṣe atọ́nà. Ohun tí a rí ni pé ìwé-ẹ̀rí ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ìrírí ni ó ń fi hàn bóyá ẹni tó wọlé mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n gbèdéke ọjọ́ orí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rí àyè kó méjèèjì jọ. A parí iṣẹ́ náà pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ lè ṣe sí i.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, a lè fi ìwé-ẹ̀rí wé aṣọ tuntun, kí a sì fi ìrírí wé àkísà. Ọjọ́ pípẹ́ ni a fi ń ní àkísà. A kì í rà á lọ́jà. Síbẹ̀, bí a bá dé òde ayẹyẹ, aṣọ ni wọ́n ń wò lára ẹni. Kò sí ẹni tí ń béèrè iye àkísà tí a fi sílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun.

Ẹni tí ó bá ń rìn ní àgbègbè Creek Road yóò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn ará ibẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ní Àpápá ni èbúté ńlá wà. Níbẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ní ibùdó bíi NNS Beecroft àti NNS Quorra, tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ sì ní bárékè Arakan. Bí a bá sì kọjá sí ìhà Ajégúnlẹ̀, àwọn wẹ́dà tí ń jó irin mọ́ irin, àwọn mẹkáníìkì, àwọn oníwáyà iná àti àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni a óò bá lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn. Ojoojúmọ́ ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí aṣọ ológun. Ìbéèrè wọn kò ṣòroó gbọ́: ṣé iṣẹ́ tí ọwọ́ àwọn mọ̀ yìí lè gbé àwọn wọ inú ọgbà yẹn, àbí àfi kí àwọn kọ́kọ́ padà sí ilé-ìwé?

Ohun Tí Ìtàn Fi Hàn

Nígbà kan, ìrírí lè gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá. Àpẹẹrẹ tí ó bá àyíká Àpápá mu jù lọ ni ti Joseph Edet Akinwale Wey. Kí Nàìjíríà tó ní iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ẹ̀ka ìjọba kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nigerian Marine, tí ń bójútó ọkọ̀ ojú omi àti èbúté. Inú ẹ̀ka yìí ni Wey ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ ẹ̀ka náà, wọ́n sì rán an lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti kún ìmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di àárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n pín ẹ̀ka náà sí mẹ́ta: àjọ tí ń ṣàkóso èbúté, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955, ẹ̀ka tí ń bójútó ojú omi inú ilẹ̀, àti agbo ọmọ ogun ojú omi, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956. Wey bọ́ sí agbo ọmọ ogun náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kékeré ní ẹ̀ka ẹ́ńjìnnì. Ní 1964 ó di olórí rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà.

Nínú àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ìtàn Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, jọ èyí. Ní 1943 ni ó wọ iṣẹ́ ológun, láti ìsàlẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni ó jẹ́ ní ẹ̀ka tí ń bójútó ìfiránṣẹ́ nígbà tí ó gba àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 1951, nítorí ipa tí ó kó láti pa rògbòdìyàn kan lẹ́nu lórí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun. Ní 1954 ni wọ́n tó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Eaton Hall ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀gá ológun lọ́dún náà. Ní 1966, òun ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé nínú ìtàn méjèèjì, ìwé kò sí lẹ́yìn. Wey ti jókòó ní kíláàsì kí ó tó jókòó ti ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀wé kọ tí yóò ṣiṣẹ́ ìfiránṣẹ́ tí Fájuyì ṣe. Àwọn méjèèjì ni wọ́n tún rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lókè òkun lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ìrírí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ni ó ṣáájú, tí ẹ̀kọ́ gíga sì tẹ̀lé e, iṣẹ́ náà ni ó sì san owó ẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Nígbà kan náà ni àwọn mìíràn ti ń gba ọ̀nà kejì wọlé. Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu ti kàwé gboyè ní Oxford kí ó tó di ọmọ ogun ní 1957. Olúfẹ́mi Olútóyè, tí ó di ọ̀gágun nígbẹ̀yìn, náà wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti gboyè yunifásítì kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà náà, ohun ìyanu ni irú wọn jẹ́. Lónìí, ohun ìyanu náà ti di òfin. Ní 1964 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, Nigerian Defence Academy, sílẹ̀ ní Kàdúná; láti 1985 ni ó sì ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí dé oyè yunifásítì.

Àwọn Ilẹ̀kùn Mẹ́ta

Bí a bá wo àwọn ìkéde ìgbaniwọlé ti ọdún àìpẹ́ yìí, a ó rí i pé ilẹ̀kùn mẹ́ta pàtàkì ni ó wà, kọ́kọ́rọ́ wọn kò sì jọ ara wọn.

Èkíní ni ilé-ẹ̀kọ́ Kàdúná. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni ilẹ̀kùn yìí wà fún. Wọ́n ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdánwò JAMB àti èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ń ṣe. Nǹkan bí ọdún 17 sí 22 ni gbèdéke ọjọ́ orí. A kì í béèrè ìrírí níhìn-ín rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni yóò fún ọmọ ní ìrírí.

Èkejì ni ọ̀nà tí àwọn tí ó ti kàwé gboyè ń gbà di ọ̀gá ológun tààrà, èyí tí a mọ̀ sí Direct Short Service. Oyè yunifásítì tàbí HND ni wọ́n ń béèrè, ó sì gbọ́dọ̀ dé ìpele kan. Ìwé-ẹ̀rí ìsìnrú ìlú, NYSC, sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ẹnu ọ̀nà yìí ni dókítà, amòfin, onímọ̀ ẹ̀rọ, akọ̀ròyìn, àlùfáà àti ímáàmù ń gbà wọlé. Níhìn-ín ni ìrírí ti bẹ̀rẹ̀ sí í níyì díẹ̀: ọjọ́ orí tí wọ́n fàyè gbà fún dókítà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń ga ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ọdún tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi èyí sọ́kàn pé NCE nìkan kò tó láti gba ilẹ̀kùn yìí kọjá.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ pín àwọn wọ̀nyí sí ọ̀nà méjì: oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́. Àwọn méjèèjì ni yóò mú èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá wá, tí ó kéré tán wọ́n yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin. Èsì WAEC, NECO tàbí NABTEB ni wọ́n ń gbà. Oníṣẹ́ ọwọ́ yóò fi ìwé-ẹ̀rí Trade Test, OND tàbí City and Guilds kún un. Èrè tí ó wà níbẹ̀ fún un ni pé wọ́n máa ń gbà á títí dé ọmọ ọdún 26, nígbà tí ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́ kì í gbọdọ̀ kọjá 22. Ọdún mẹ́rin yìí ni iye tí ìjọba dá lé ìrírí.

Ibi Tí Bàtà Ti Ń Ta Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Lẹ́sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọ ìyá méjì, Ìdòwú àti Àlàbá, tí wọ́n ń gbé Ajégúnlẹ̀. Owó ilé-ìwé kò tó fún àwọn méjèèjì. Ìdòwú ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n mú Àlàbá lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14. Ó sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó gba òmìnira, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fíríìdọ̀mù. Ó wá fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ti di ọmọ ọdún 22. Irin tí ó bá jó, omi kì í gba ibẹ̀ wọlé.

Ní ọdún yìí ni ó gbọ́ ìkéde ìgbaniwọlé. Kí ni yóò mú lọ? Fọ́tò fíríìdọ̀mù rẹ̀ àti ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí ni. Àwọn tí ń gbani wọlé kò lè fi èyí ṣe nǹkan kan, kì í ṣe nítorí pé wọ́n kórìíra rẹ̀, bí kò ṣe pé wọn kò mọ ọ̀gá náà, wọn kò sì lè wọn ohun tí ó kọ́ ọmọ. Ìdòwú ní tirẹ̀ parí HND ní ọmọ ọdún 24, ó sin ìlú, ó sì di ọ̀gá ológun ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó lè ṣàlàyé ìdí tí irin fi ń ya. Ṣùgbọ́n bí irin bá ya lójú agbami, irú Àlàbá ni yóò wá.

Àpẹẹrẹ yìí fi hàn pé ìwé àti ìrírí kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù mọ́ ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ọdún tí Àlàbá fi kọ́ iṣẹ́ ni ọdún tí ó yẹ kí ó fi ṣe ìdánwò. Gbèdéke ọjọ́ orí kò sì dúró dè é. Síbẹ̀, ọ̀nà kò tíì dí. Ọdún mẹ́rin ṣì wà níwájú rẹ̀ kí ó tó pé 26. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un lónìí, ó lè fi àṣálẹ́ kàwé, kí ó ṣe ìdánwò NABTEB tàbí WAEC, kí ó sì lọ ṣe Trade Test. Bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ fún un, ọdún mẹ́rin náà yóò lọ bí omi.

Bí ó bá sì wọlé, ìrírí rẹ̀ kò ní dákẹ́ mọ́. Inú iṣẹ́ ológun, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní sí Auchi fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àǹfààní sì wà fún ọmọ ogun tí ó bá tún kàwé, tàbí tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ìwà rẹ̀ sì dára, láti di ọ̀gá ológun. Ọ̀nà tí Fájuyì gbà kò tíì pa, ó kàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti wá ojútùú tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ipò kan wà tí wọ́n ń pè ní warrant officer, láàrin àwọn ọmọ ogun lásán àti àwọn ọ̀gá tí ó kàwé gboyè. Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ kan dunjú ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n ní oyè yunifásítì. Ní Nàìjíríà, orúkọ yẹn wà, ṣùgbọ́n òkè pátápátá àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá ni wọ́n ń lò ó fún.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Kí ni èyí kan olùkọ́? Ó kàn án púpọ̀. Olùkọ́ ni ẹni tí ó kẹ́yìn tí yóò rí Àlàbá nínú kíláàsì kí ó tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Lọ́nà kìíní, kí olùkọ́ má ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ halẹ̀ mọ́ ọmọ bí ẹni pé ìyà ni. Ọmọ tí a bá sọ fún pé iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ọ̀dẹ̀ kò ní rántí padà wá bá wa fún ìmọ̀ràn. Lọ́nà kejì, kí olùkọ́ mọ àwọn ìdánwò tí ń sọ ìrírí di ìwé-ẹ̀rí, kí ó sì kọ́ ọmọ pé ìpele-ìpele ni Trade Test wà, láti kẹta bọ̀ sí èkíní. Lọ́nà kẹta, kí ó bá òbí jókòó ṣírò ọjọ́ orí. Kí wọ́n ka ọdún láti ẹ̀yìn wá: bí gbèdéke bá jẹ́ 26, nígbà wo ni ìdánwò yóò parí, nígbà wo ni ìkọ́ṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀? Lọ́nà kẹrin, kí ó kìlọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé. Ẹni tí ó bá ń gba owó lórí rẹ̀, olè ni. Kí ọmọ sì ka ìkéde ọdún náà gan-an, nítorí pé òfin ìgbaniwọlé a máa yí padà láti ọdún dé ọdún.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìrírí ni ó gbé Wey àti Fájuyì dé ibi tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n pé àwọn méjèèjì kò ṣàì ní ìwé. A ti rí i pé lóde òní, ìwé-ẹ̀rí ni ó ń sọ ilẹ̀kùn tí ènìyàn yóò gbà wọlé, tí ìrírí tí a kò dán wò sì dà bí owó tí a kò lè ná lọ́jà. A sì ti rí i pé àkókò ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù fún ọ̀dọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ ológun nílò ọwọ́ méjèèjì. Ní àgbègbè Creek Road, àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ kò wọ́n. Ohun tí ó kù ni kí olùkọ́ rí wọn ní ọmọ ọdún 14, kí ó má ṣe jẹ́ pé ọmọ ọdún 27 ni wọn yóò wà kí wọ́n tó mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe.