OÚNJẸ Ọ̀SÁN FÚN ÒṢÌṢẸ́: BÍ A TI Í WỌ̀N ỌN ÀTI BÍ A TI Í DÌ Í



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kan òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àgbẹ̀ tí ń roko. Ìwé kékeré yìí ń sọ nípa oúnjẹ ọ̀sán tí òṣìṣẹ́ ń jẹ ní ẹnu iṣẹ́: ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀, bí ó ti yẹ kí ó pọ̀ tó, àti ọ̀nà tí a lè gbà dì í tí kò fi ní bàjẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. A kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, ọkọ tàbí aya ní ilé iṣẹ́, àti ní pàtàkì fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ máa se oúnjẹ tà láti inú irè oko yín.

Ọjà tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa

A dá Lẹ́kkí Free Zone sílẹ̀ ní ọdún 2006 ní ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Láti ìgbà náà wá, ibi púpọ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ti di ilé iṣẹ́. A ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023. Ní oṣù Èbìbí ọdún kan náà ni a ṣí ilé ìfọpo Dangote, èyí tí a kọ́ láti lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 ní ojúmọ́ kan. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti dínkù ní ẹ̀dùn ọkàn, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń wọ ẹnubodè ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ní òwúrọ̀ ni yóò fẹ́ jẹun ní ọ̀sán. Bí oúnjẹ náà kò bá ti ọwọ́ wa wá, yóò ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Òṣìṣẹ́ tí ń gbé Ajah, tàbí ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní láti jáde nílé ní ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí ó bá di oúnjẹ rẹ̀ ní aago márùn-ún òwúrọ̀, tí ó sì jẹ ẹ́ ní aago méjìlá ọ̀sán, oúnjẹ náà ti pé wákàtí méje nínú abọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí lè gbé ìkòkò ka iná ní aago mẹ́sàn-án, kí ẹ dì í ní aago mọ́kànlá, kí ó sì dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná. Èyí ni àǹfààní tí ẹ ní ju àwọn tí ń gbé oúnjẹ wá láti ọ̀nà jíjìn lọ.

Òṣùwọ̀n kì í ṣe ohun titun

Ní ilẹ̀ Japan, a máa ń di oúnjẹ ọ̀sán sínú àpótí pẹlẹbẹ tí a dá sí yàrá-yàrá, tí wọ́n ń pè ní bento: ìrẹsì ní ọ̀tọ̀, ẹja ní ọ̀tọ̀, ẹ̀fọ́ ní ọ̀tọ̀. Ní ìlú Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà, láti nǹkan bí ọdún 1890 ni àwọn ènìyàn tí a ń pè ní dabbawala ti ń gba oúnjẹ láti ilé, tí wọ́n ń gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ ní ẹnu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń dá abọ́ padà sí ilé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ohun àjèjì ni. Kí ni ìyá ẹlẹ́kọ wa ń ṣe? Ìgbakọ kan náà ni ó fi ń bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ewé eéran, tí ó sì ń pọ́n ọn. Ẹni tí ó ra mẹ́ta mọ ohun tí òun rà. Ẹni tí ó tà á mọ iye tí ìkòkò kan yóò mú jáde. Òṣùwọ̀n ti wà ní ọwọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí a ń fẹ́ nísinsìnyí ni pé kí a lò ó fún ìrẹsì, fún ẹ̀bà àti fún ẹ̀wà pẹ̀lú.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú abọ́

Oúnjẹ pín sí ọ̀nà mẹ́ta:

1. Oúnjẹ afúnnilágbára: ẹ̀bà, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀.
2. Oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, tí ó sì ń tún un ṣe: ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà, mọ́ín-mọ́ín.
3. Oúnjẹ tí ń dènà àrùn: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, àti àwọn èso bí ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Àṣìṣe tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó fi ìrẹsì tàbí ẹ̀bà kún abọ́ dé ẹnu, a ó wá fi ẹja tí kò ju àtàǹpàkò lọ lé e lórí. Òṣìṣẹ́ náà yóò yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun yóò máa kùn ún ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí oorun ń kùn nídìí ẹ̀rọ sì wà nínú ewu. Bí ó bá pẹ́ títí, àjẹjù oúnjẹ, epo àti iyọ̀ lè ṣe okùnfà àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ ní ọjọ́ kan má ṣe tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, àti pé kí ẹ̀fọ́ àti èso tí yóò jẹ ní ọjọ́ náà tó gíráàmù 400, ó kéré tán.

Nítorí náà, ẹ fi ojú pín abọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ àti èso gba ìdá méjì, kí oúnjẹ afúnnilágbára gba ìdá kan, kí ẹja tàbí ẹ̀wà sì gba ìdá kan. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo ọwọ́: ìrẹsì tàbí ẹ̀bà tí ó tó ìkúùkù kan, ẹja tí ó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀fọ́ tí ó kún ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí ó ń ru ẹrù tàbí tí ó ń po kọnkéré láti àárọ̀ lè jẹ ìkúùkù méjì, nígbà tí ìkúùkù kan yóò tó ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì. Ẹ lè ṣe abọ́ oríṣi méjì, kí ẹ sì tà wọ́n ní iye méjì.

Bí a ti í dì í

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, abọ́, ìgbakọ àti ewé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

2. Oòjọ́ ni kí ẹ se oúnjẹ. Ẹ má ṣe da oúnjẹ àná pọ̀ mọ́ tòní.

3. Ẹ ṣọ́ra fún ìrẹsì. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí irúgbìn rẹ̀ máa ń wà nínú ìrẹsì, tí sísè kì í sì í pa. Bí ìrẹsì bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, irúgbìn yìí yóò hù, yóò sì tú májèlé tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru jáde. Títún oúnjẹ náà gbóná kò ní mú májèlé yìí kúrò.

4. Ẹ da omi híhó sínú kúlà tàbí fúláàsì, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á nù, kí ẹ tó di oúnjẹ sínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń yọ èéfín. Kòkòrò àrùn ń gbèrú nínú oúnjẹ tí ooru rẹ̀ wà láàrín ìwọ̀n 5 àti ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oúnjẹ tí a kò bá lè mú kí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a jẹ ẹ́ láàrín wákàtí méjì.

5. Ẹ di ọbẹ̀ ní ọ̀tọ̀, kí ó má ba à rin oúnjẹ jù. Ẹ fún omi inú ẹ̀fọ́ kúrò. Ẹ fi èso sílẹ̀ láìgé, kí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ bó o.

6. Ẹ má ṣe da oúnjẹ gbígbóná sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de abọ́ funfun fífúyẹ́ tí a ń pè ní Styrofoam. Ẹ lo abọ́ onídèérí tí yóò padà wá, tàbí ewé eéran. Àgbẹ̀ tí ó bá ní ibòji igi lè gbin ewé yìí, kí ó sì máa tà á fún ẹgbẹ́.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, tí ó se ìrẹsì ní òru nítorí kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí a ṣí kúlà ní ọ̀sán, ó ti kan. Owó ọjọ́ kan ni wọ́n pàdánù, ṣùgbọ́n ó pẹ́ púpọ̀ kí àwọn oníbàárà tó padà.

Èrè wà nínú ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ìkòkò yín gba oúnjẹ kílò 16. Bí ẹ bá bu gíráàmù 400 sí abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí abọ́ 40. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń bu oúnjẹ bá ń fi ojú wọ̀n ọ́n, tí ó sì ń bu gíráàmù 500, abọ́ 32 péré ni yóò jáde. Bí ẹ bá ń ta abọ́ kan ní ₦1,500, ₦12,000 ni ó lọ láàrín ọjọ́ kan, láìsí pé olè kankan wọlé. Ẹni tí ó bá sì gba abọ́ tí ó kéré lọ́la yóò rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ.

Ẹ yan ìgbakọ kan ṣoṣo fún ìrẹsì àti òmíràn fún ẹ̀wà, ẹ wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì máa lò wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́: iye gààrí, ẹja àti ẹ̀fọ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, iye abọ́ tí ó jáde, iye tí ó tà, àti iye tí ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé náà yóò sọ fún yín bí ebè tẹ̀tẹ̀ tí ẹ nílò ti pọ̀ tó, àti bóyá ẹja Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń rà tó tàbí kò tó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ mẹ́wàá. Ẹ wọ̀n wọ́n dọ́gba, ẹ dì wọ́n ní gbígbóná, kí ẹ sì rí i pé wọ́n dé ẹnubodè ní àsìkò. Bí ohunkóhun nínú ìwé yìí kò bá yé yín tó, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ sì mú ìwé ìṣirò yín dání.