Bí A Ṣe Ń Yan Bíárìn àti Bóòtù fún Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń wa ọkọ̀ jẹun. Àwọn mìíràn ló ni ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà ló ń bá wọn wà á. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà nínú, tí mẹkáníìkì sì ní àfi kí a tú u, owó ńlá dé nìyẹn. Ẹlòmíràn á yá owó ṣe é. Á ra bíárìn tuntun, wọn á tún ẹ́ńjìnnì tò, síbẹ̀ kò ní pẹ́ tí ariwo náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bíárìn tí kò bá kíránkì mu ni, tàbí bóòtù tí agbára rẹ̀ ti tán. Nọ́ńbà wà lára àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá kà á kó tó sanwó ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àdánù.

1. Kí ni méènì bíárìn?

Irin ńlá kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó rí wọ́gọwọ̀gọ. Orúkọ rẹ̀ ni kíránkì ṣáàfù. Písítìn ń lọ sókè sódò. Kíránkì ló ń sọ lílọ sókè sódò yẹn di yíyí tó ń yí táyà. Kíránkì ní ìjókòó nínú búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́rin ti òde òní sábà máa ń ní ìjókòó márùn-ún. Awẹ́ bíárìn méjì ló wà ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí òrùka tí a là sí méjì. Àwọn wọ̀nyí ni méènì bíárìn.

Ẹ̀yìn bíárìn jẹ́ irin líle, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rọ̀. Ní ọdún 1839, ará Amẹ́ríkà kan, Isaac Babbitt, ṣe irin rírọ̀ kan fún bíárìn, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é títí dòní. Irú àdàlù mìíràn ló wà nínú ọ̀pọ̀ bíárìn ọkọ̀ òde òní, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Bí ìdọ̀tí kékeré bá bá ọ́ìlì wọlé, inú irin rírọ̀ ló máa rì sí, kò ní ha kíránkì. Kíránkì wọ́n ju bíárìn lọ. Ó sàn kí bíárìn jẹ, kí kíránkì yè.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kíránkì kì í fara kan bíárìn. Ọ́ìlì ló wà láàárín wọn. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré, àlàfo náà wà láàárín 0.02 sí 0.06 mìlímítà. Ó tín-ín-rín bí irun orí. Bí àlàfo bá há jù, ọ́ìlì kò ní ráyè wọlé, irin á fara gbo irin, bíárìn á gbóná, á sì yọ́. Bí ó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì á máa ṣàn dànù, agbára rẹ̀ á dínkù, kíránkì á sì máa kan bíárìn lu. Ariwo tí à ń gbọ́ nìyẹn.

2. Ẹ wọn kíránkì kí ẹ tó ra bíárìn

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá lọ sí Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Aráròmí ní Ìbàdàn, tó kàn ní, "Ẹ fún mi ní bíárìn Toyota," kò tíì sọ nǹkan kan. Orúkọ ọkọ̀ kò sọ bí kíránkì inú rẹ̀ ṣe tóbi lónìí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ rí kí ẹ tó ra ọkọ̀ náà.

Máíkírómítà la fi ń wọn kíránkì, kì í ṣe ìka ọwọ́. Kí wọ́n wọn gbogbo ojú rẹ̀, lóròó àti níbùú, nítorí ibi kan lè jẹ ju ibòmíràn lọ. Bí ó bá ti ha, tàbí tí kò rí roboto mọ́, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Kíránkì á wá tín-ín-rín sí i, bíárìn tó nípọn sí i ni yóò sì bá a mu.

Ká ní kíránkì tuntun jẹ́ 48.00 mìlímítà:

Bí ó bá ṣì wà bí ó ṣe wà, ẹ ra STD. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ nìyẹn.
Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ di 47.75, ẹ ra 0.25.
Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ di 47.50, ẹ ra 0.50.

Ẹ wò ó, ìṣirò ìyọkúrò lásán ni: 48.00 yọ 47.75, ó ku 0.25. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi íńṣì wọ̀n máa ń ní 010, 020 tàbí 030 lára bíárìn wọn. 010 ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún íńṣì.

Ẹ̀yìn bíárìn ni wọ́n ń tẹ nọ́ńbà náà sí. Ẹ má wo páálí nìkan. Ẹ ṣí i, kí ẹ ka ẹ̀yìn awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó lọ kíránkì, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá bíárìn ìwọ̀n yẹn wà lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì òde òní kan wà tí àwọn tó ṣe é kò fọwọ́ sí lílọ kíránkì rẹ̀ rárá.

Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, nọ́ńbà kékeré wà lára búlọ́ọ̀kù, òmíràn wà lára kíránkì. Bí ti búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ 2, tí ti kíránkì jẹ́ 1, a ó rò wọ́n pọ̀, ó di 3. Ìwé ẹ́ńjìnnì náà á sọ bíárìn tí 3 ń fẹ́.

3. Nígbà tí wọ́n bá ń tò ó

Ihò ara bíárìn gbọ́dọ̀ bá ihò ọ́ìlì inú búlọ́ọ̀kù mu. Bí a bá fi awẹ́ tí kò ní ihò síbẹ̀, a ti dí ọ̀nà ọ́ìlì nìyẹn. Ìdérí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọn síra. Bíárìn tó bá sì ń mì, ẹ má ṣe fi pépà tàbí agolo há a lẹ́yìn. Ẹ má sì fi fáìlì ha ìdérí. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò bára mu, ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀.

4. Bóòtù ńkọ́?

Gbogbo ìgbà tí iná bá sán lórí písítìn, ó ń ti kíránkì sísàlẹ̀. Bóòtù ìdérí ló ń dì í mú. Bóòtù méjì lè jọra bí ìbejì, kí agbára wọn má dọ́gba. Ẹ ka orí wọn. Èyí tí wọ́n kọ 10.9 sí lágbára ju 8.8 lọ, 12.9 tún lágbára ju 10.9 lọ. Irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i ni kí ẹ rà. Ẹ má fi bóòtù tí ẹ ṣà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀.

Bóòtù máa ń nà díẹ̀ bí a bá dì í, bí rọ́bà. Bí ó bá nà kọjá ààlà, kò ní lè padà mọ́. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá ní kí a di bóòtù dé ìwọ̀n kan, kí a wá tún yí i ní dígírì 90, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sábà máa ń lo irú rẹ̀. Ẹ ra tuntun. Ìwé kan á ní kí a wọn ọrùn bóòtù. Bí ó bá ti tín-ín-rín ju ohun tí ìwé sọ, ẹ jù ú nù.

Tọ́ọ̀kì-rẹ́ǹṣì, ìyẹn sípánà tó ń fi ìwọ̀n agbára hàn, ni kí wọ́n fi dì í. Kí wọ́n ti àárín bẹ̀rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n nu ihò bóòtù gbẹ, nítorí ọ́ìlì tàbí omi tí kò rọ́nà jáde lè fọ́ búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn ìdérí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọwọ́ yí kíránkì. Bí ó bá há, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀.

5. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kọ nǹkan márùn-ún yìí sílẹ̀: orúkọ ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà rẹ̀, ìwọ̀n kíránkì, ìwọ̀n bíárìn, irú bóòtù àti iye rẹ̀. Ẹ má bá mẹkáníìkì jà. Ẹ kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná." Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Ẹ́ńjìnnì tó dákú lójú ọ̀nà lóru ń fi èrò inú ọkọ̀ wéwu, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi ojú tó ti mọ̀wé ṣọ́ owó yín.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí inú bíárìn fi rọ̀?
2. Kíránkì tuntun jẹ́ 55.00 mìlímítà. Wọ́n lọ̀ ọ́ di 54.50. Bíárìn wo ni ẹ ó rà?
3. Nínú bóòtù 8.8 àti 10.9, èwo ló lágbára jù?
4. Kọ nǹkan márùn-ún tó yẹ kí ó wà nínú ìwé tí ẹ ó mú lọ sọ́jà.