Fọ́tò Ló Dá Ẹrù Ìyá Aládìrẹ Padà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Benin ṣe ilé, ọ̀rọ̀ ọjà náà la tún gbé dé lónìí, àmọ́ ọjà tí a ń sọ yìí kò ní ìsọ̀, kò ní páànù lórí. Inú fóònù ni wọ́n ti ń ná an.

Ìyá kan wà láàrin wa tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Aládìrẹ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ta adìrẹ àti aṣọ òkè nílùú yìí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń kó adìrẹ, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń kó aṣọ òkè. Ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ló ní kí àwọn ṣí sọ́ọ̀bù sórí Instagram, kí ọjà má baà dá lórí àwọn tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ nìkan. Ìyá gbà. Nígbà tó di oṣù kẹta, obìnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù ra yáàdì márùn-ún. Ó sanwó, wọ́n di ẹrù, wọ́n fi ránṣẹ́. Oṣù kan kò tíì pé tí ẹrù fi padà dé. Oníbàárà ní aṣọ dúdú lòun rà, aṣọ búlúù ni wọ́n gbé fún òun, òun kò sì lè wọ búlúù lọ síbi ìsìnkú bàbá òun.

Ìyá búra pé aṣọ tó wà nínú fọ́tò gan-an làwọn fi ránṣẹ́. Òótọ́ ni. Oníbàárà náà kò sì purọ́. Alẹ́ ni ọmọ ya fọ́tò yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ọjà dé, lábẹ́ gúlóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n, aró tó jinlẹ̀ sì di dúdú kirikiri lójú fóònù. Wọ́n dá owó padà fún obìnrin náà. Owó ẹrù àlọ àti àbọ̀ jẹ èrè orí aṣọ tán, ó tún jẹ wọ inú owó ọjà. Ìyá ní kí ọmọ ti sọ́ọ̀bù orí fóònù náà pa, kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe.

Ibẹ̀ la bá ọ̀rọ̀ nígbà tí a lọ kí wọn. A kò bá wọn jiyàn. A kàn bi wọ́n léèrè pé: "Ìyá, bí oníbàárà bá dé ìsọ̀ yín, kí ló máa ń ṣe kó tó sanwó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni? Á gbé aṣọ bọ́ síta kó lè rí i dáadáa. Á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Á fọwọ́ pa á, á nà án. Á ní ṣé kì í ṣí, yáàdì mélòó ni, èló ni jálẹ̀." A ní, Ìyá, ẹ ti parí iṣẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ kà yẹn, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá oníbàárà ṣe é, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ti Lọ́ńdọ̀nù dé Benin.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí gbígbé aṣọ bọ́ síta. Kò sí iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ tí ojúmọmọ ń ṣe fún fọ́tò. Láàárọ̀, láàrin aago méje sí mẹ́sàn-án, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ gbé ọjà sí fàráńdà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà àmọ́ tí oòrùn kò ta sí i tààrà. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa gba àwọ̀ lára aṣọ, yóò wá dà bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ lógún ìgbà. Ẹ pa gúlóòbù, torí bí ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì bá pàdé lórí aṣọ kan, àwọ̀ á dàrú. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa wúlò fún èyí, nítorí eruku ojú ọ̀run a máa mú kí oòrùn rọ̀.

Kí ẹ tó tẹ fóònù, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú tó fi ń ya àwòrán. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Fóònù ọlọ́jà ti jẹ epo, ó ti jẹ òógùn, ọwọ́ tó jẹ dòdò ló fi ń gbé e. Púpọ̀ nínú fọ́tò tó ṣú bàìbàì tí a ń rí, ìdọ̀tí ni. Ẹ má fi ìka méjì fa àwòrán kó tóbi, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi súnmọ́ ọjà. Ẹ tẹ́ aṣọ ìbùsùn funfun tí kò ní bátànì sábẹ́ rẹ̀. A rí fọ́tò aṣọ òkè olówó ńlá kan tí ife gàárì àti bàtà ọmọdé kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa fúnra wa, bàtà là ń wò.

Ti yíyí ẹ̀yìn aṣọ wò, ibẹ̀ gan-an ni owó wà. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ bátànì adìrẹ sórí aṣọ ní òkè òkun, tí wọ́n sì ń kó o wọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláró fi ń pariwo. Ní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣí ọjà adìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn tó ń ṣe é lè ta á fúnra wọn. Báwo wá ni ẹni tó wà ní Houston ṣe fẹ́ mọ ti ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ? Aṣọ oníko tí wọ́n rì sínú ìkòkò aró, aró á gba inú rẹ̀ já, iwájú àti ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí wọ́n tẹ̀, bátànì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà hàn tó ti iwájú. Nítorí náà, ẹ ya odidi aṣọ, ẹ ya a ní ìtòsí débi tí a ó fi rí òwú, ẹ ṣẹ́ igun rẹ̀ kan kí ẹ̀yìn hàn, kí ẹ sì fi ró ènìyàn kan ká rí bó ṣe ń dúró lára. Bí ó bá jẹ́ oníko, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n so hàn. Àbùkù díẹ̀díẹ̀ tí ẹ ń fi pamọ́ yẹn ni ẹ̀rí pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò wá ńkọ́? "Ọjà gidi, ó rẹwà, ẹ tètè ra" kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: adìrẹ ẹlẹ́kọ, bátànì Ìbàdàndùn, yáàdì márùn-ún, ìbú rẹ̀ ní ínṣì àti sẹ̀ǹtímítà, búlúù aró tó jinlẹ̀, kì í ṣe dúdú, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a fọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un pé òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ló wà nínú bátànì náà. Ọmọ Ìbàdàn tó wà ní Amẹ́ríkà tó bá ka ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò nawọ́ sí àpò. Aṣọ òkè náà ní tirẹ̀. Sányán àtijọ́, òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún. Bí ó bá jẹ́ òwú ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi hun tiyín, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì díye lé e bẹ́ẹ̀.

Orúkọ Yorùbá nìkan kò tó, ti òyìnbó nìkan kò sì tó. Ẹni tí kò mọ adìrẹ rí yóò tẹ "indigo" tàbí "hand-dyed" nígbà tó bá ń wá a. Ẹ fi méjèèjì síbẹ̀. Etsy, ọjà iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 2005, ààyè 13 ló fún ọjà kọ̀ọ̀kan fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n tà kì í fi ẹyọ kan ṣòfò. Ní ti owó, àwa ò fẹ́ràn "ẹ wá béèrè iye rẹ̀ ní kọ̀rọ̀" tí àwọn ènìyàn wa ń kọ. A mọ̀ pé ìnájà dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí fóònù kò ní sùúrù àtináwó wákàtí kan, yóò kọjá sí sọ́ọ̀bù kejì.

Àwọn kan nínú wa ń bá àwọn ará Igun ta iṣẹ́ idẹ, ní àdúgbò tó wà lẹ́bàá Sakponba Road yẹn. A kì í ṣe àjèjì pátápátá níbẹ̀. Ìtàn tí Jacob Egharevba kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1934 ni pé Ọba Oguola ló ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, tí Igueghae fi wá kọ́ wọn ní iṣẹ́ idẹ. Idẹ le yà ju aṣọ lọ. Ó ń dán, fóònù yín àti ojú yín á hàn lára rẹ̀. Ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ara idẹ. Ẹ fi ọwọ́ ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì wọn kílò rẹ̀ kí ẹ tó dá iye owó ẹrù, torí ìwúwo idẹ ti fa ọ̀pọ̀ ìjà. Ẹ ya fọ́tò ìda, ẹ ya amọ̀, ẹ ya iná. Ìda á yọ́ dànù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà, ère kan ṣoṣo ló sì ń tinú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní béèrè ìdí tó fi wọ́n.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Má kọ "àtijọ́" sí ara ohun tí wọ́n dà lóṣù tó kọjá. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó ẹrù ààfin ní 1897, gbogbo ayé ló ń wá iṣẹ́ idẹ Benin. Jámánì dá díẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá 2022, Netherlands dá 119 padà ní 2025, ojú sì ti là sí ohun tí wọ́n jí. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìsí ìwé àṣẹ. Ẹni tó fi irọ́ kékeré yẹn wá oníbàárà lè fi í wá ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọ́ pé ó jẹ́ tuntun, ẹ kọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì béèrè ní National Museum tó wà ní Ring Road nípa ìwé tó yẹ kó bá ẹrù lọ kí ẹ tó dì í.

Àwọn ọlọ́jà kan sọ fún wa pé bí àwọn bá ya fọ́tò tó dára, àwọn gbájúẹ̀ á jí i lọ ṣí sọ́ọ̀bù tiwọn. Wọ́n ń jí i lóòótọ́. Ẹ kọ orúkọ sọ́ọ̀bù yín sórí ìwé kan, kí ẹ gbé e sórí ọjà nínú fọ́tò kan, kí ẹ sì ya fídíò kékeré níbi tí ọwọ́ yín ti ń yí ọjà náà. Olè kò ní ọjà lọ́wọ́ tí yóò yí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àwa, Ìyá àti ọmọ wọn tún gbogbo ọjà wọn yà ní fàráńdà. Búlúù jáde bíi búlúù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan láti Manchester fẹ́ rí ẹ̀yìn aṣọ kan. Fọ́tò rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó sì sanwó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọmọ ń di ẹrù, Ìyá bá a dì í, wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe dúdú. Yáàdì márùn-ún ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn ṣì wà ní ìsọ̀ wọn ní Ọjà Ọba. Wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ojúmọmọ ti ń bà á, wọn ò sì tà á fún ẹnikẹ́ni.